Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àyè Ìdánwò Kékeré fún Microservice Lórí Laptop Kan Ṣoṣo

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ní Ìkòròdú, láti Sábó títí dé Odogunyan, máa ń bi wá léraléra. A dáhùn wọn fún ẹni tó ní laptop kan, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, tí iná kì í sì í wà ládùúgbò rẹ̀ nígbà gbogbo. Àpẹẹrẹ kan náà la ó máa lò: app tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakòdó sí Erékùṣù Èkó. Service márùn-ún ló ní: ìrìnàjò, ìjókòó, owó, SMS àti ìròyìn.

Kí ni microservice, kí sì ni àyè ìdánwò tó dá dúró?

Dípò kí gbogbo iṣẹ́ app wà nínú ètò ńlá kan, a pín in sí ètò kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bójú tó iṣẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí network. Service ìjókòó mọ iye àyè tó kù nínú ọkọ̀. Service owó mọ ẹni tó ti san. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ní dátábéèsì tirẹ̀, èdè tí a fi kọ èyí sì lè yàtọ̀ sí ti ìyẹn.

Àyè ìdánwò tó dá dúró ni ibi tí ẹ ti lè gbé díẹ̀ lára wọn dìde, kí ẹ dán àyípadà wò, kí ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ má sì dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ ni pé: ṣé ẹ lè pa á rẹ́ pátápátá báyìí, kí ẹ sì tún gbé e dìde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀? Bí ẹ̀rù bá ń bà yín láti pa á rẹ́, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Mo ti fi PostgreSQL sórí laptop mi. Kí ni mo tún ń fi Docker ṣe?

Fún iṣẹ́ kan ṣoṣo, dátábéèsì PostgreSQL tó wà lórí laptop yín tó. Wàhálà dé nígbà tí iṣẹ́ kejì bá wọlé tó ń fẹ́ PostgreSQL 13 nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ 16, tí ìdọ̀tí ìdánwò oṣù tó kọjá ṣì wà nínú dátábéèsì, tí ẹlẹgbẹ́ yín tó gba kóòdù náà lọ sí Ìgbógbó kò sì rí i kó ṣiṣẹ́.

Docker ń gbé ètò kọ̀ọ̀kan dìde nínú kọ̀nténà, àpótí tó yà á sọ́tọ̀ lórí laptop yín. Pẹ̀lú Docker Compose, apá rẹ̀ tó ń gbé ọ̀pọ̀ kọ̀nténà dìde pọ̀, gbogbo ohun tí àyè náà nílò wà lákọsílẹ̀ nínú fáìlì kan tó ń bá kóòdù rìn nínú git. Ẹni tuntun tẹ `docker compose up -d`, ó ti wọ iṣẹ́. Nígbà tó bá parí, `docker compose down` kó àwọn kọ̀nténà náà kúrò.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kọ̀nténà àti virtual machine?

Virtual machine ń gbé odidi kọ̀ǹpútà mìíràn ka orí tiyín, tòun ti kernel rẹ̀ (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ), ó sì ti gba RAM tirẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀nténà kò ní kernel tirẹ̀. Kernel Linux kan náà ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ohun méjì ló pààlà fún wọn. Namespace ló ń pinnu ohun tí ètò kan lè rí: àwọn ètò mìíràn, network, fáìlì. Cgroup ló ń pinnu RAM àti CPU tó lè jẹ. Cgroup wọ inú kernel Linux ní 2008. Docker dé ní 2013, ó sì sọ nǹkan tí ọ̀gá nìkan mọ̀ di àṣẹ kan tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí kọ̀nténà fi ń dìde kíákíá, tí RAM tó ń lò kò sì fi púpọ̀ ju ti ètò inú rẹ̀ lọ. Lórí Windows àti Mac, virtual machine Linux kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́.

Laptop mi 8GB RAM ni. Ṣé ó lè gbé e?

Ó lè gbé e, bí ẹ kò bá gbé gbogbo service dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Service tí a fi Go kọ sábà máa ń jẹ MB díẹ̀. Redis, tó ń tọ́jú dátà sínú RAM, kò wúwo bó bá ṣófo. PostgreSQL kò ní ìṣòro. `Shared_buffers` rẹ̀ jẹ́ 128MB bí ẹ kò bá yí i padà. Àwọn tó ń jẹun gan-an ni èyí tó gun orí Java. Kafka, tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn service, ń béèrè heap (RAM tí ètò Java ń lò) 1GB bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó dín in kù, JVM lásán (ẹ̀rọ tí ètò Java ń gun) sì lè mú ìdá kan nínú mẹ́rin RAM tó bá rí.

Ẹ fi `mem_limit` sí gbogbo service nínú fáìlì Compose, àní èyí tí ẹ rò pé kò wúwo. Bí ààlà kò bá sí, ètò kan tó ń jò RAM yóò fa gbogbo laptop lulẹ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tó fà á. Bí ààlà bá wà, òun nìkan ni yóò kú, orúkọ rẹ̀ yóò sì hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `profiles` pín àwọn service sí ẹgbẹ́, kí ìròyìn má dìde àfi bí ẹ bá pè é.

Ẹni tó ní 4GB lè ṣe é lórí Linux gidi, pẹ̀lú service kan àti dátábéèsì kan. Lórí Windows 4GB, mi ò gbà yín níyànjú.

Windows ni mo ń lò. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe?

WSL 2, tó ń gbé Linux dìde nínú Windows, ni ẹ ó lò, ó wà láti ẹ̀dà Windows 10 ti 2020 síwájú. Ẹ wọ BIOS kí ẹ tan virtualization. Púpọ̀ nínú àwọn laptop àlòkù máa ń wá pẹ̀lú rẹ̀ ní pípa. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe fáìlì `.wslconfig` sínú àpò orúkọ yín lábẹ́ `C:\Users`, kí ẹ kọ `[wsl2]` sí ìlà àkọ́kọ́ àti `memory=3GB` sí ìkejì, kí ẹ wá tẹ `wsl --shutdown`. Láìṣe bẹ́ẹ̀, WSL lè gba ìdajì RAM yín.

Ẹ fi kóòdù sínú `/home` ti Linux, ẹ má fi sí `/mnt/c`. Kíka fáìlì láti ẹ̀gbẹ́ Windows lọ́ra débi pé ìdánwò tó yẹ kó yá kíá yóò di ohun tí ẹ ń dúró dè. Bí Docker Desktop bá wúwo jù fún yín, ẹ fi Docker Engine sínú WSL ní tààrà. Ẹ tún ṣọ́ disk: bí ẹ tilẹ̀ pa image (àpò ètò tí a fi ń gbé kọ̀nténà dìde) rẹ́, fáìlì disk ti WSL kì í sábà súnkì fúnra rẹ̀.

Dátà ni mo ń rà. Báwo ni mo ṣe lè dín ohun tí mò ń gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì kù?

Ìpele ìpele ni a kó image jọ, ìpele tí ẹ bá ti ní tẹ́lẹ̀ kì í tún wọlé mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo service yín dúró lórí ìpìlẹ̀ kan náà. Bí ọ̀kan bá ń lo `node:20-slim`, tí èkejì ń lo `node:20-alpine`, ẹ ti ra méjì. Alpine fúnra rẹ̀ kò tó 10MB, ṣùgbọ́n musl ló ń lò dípò glibc (àkójọ kóòdù C tí àwọn ètò Linux dúró lé), àwọn ohun èlò Python kan sì lè fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún Python, slim ni mo fara mọ́. Fún PostgreSQL àti Redis, alpine dára.

Nínú Dockerfile, fáìlì tó ń sọ bí a ṣe ń kọ́ image, ẹ kó fáìlì tó to àwọn ohun èlò lẹ́sẹẹsẹ wọlé ṣáájú, irú bíi `package.json`. Ẹ fi àwọn ohun èlò náà sí i, kí ẹ tó kó kóòdù yòókù wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ìlà kan padà ni npm, tó ń gba àwọn ohun èlò náà, yóò tún lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó ń gba owó là jù lọ ni kí ẹnì kan gbà á, kí ó pín in. Ẹni tó wà níbi tí Wi-Fi ti dára yóò tẹ `docker save -o irinse.tar postgres:16-alpine redis:7-alpine`, ẹ ó fi flash gbé e, ẹ̀yin náà yóò tẹ `docker load -i irinse.tar`. Bí flash kò bá sí, ẹ tan hotspot fóònù kí laptop méjèèjì so mọ́ ọn, kí ẹni tó ní fáìlì tẹ `python3 -m http.server` nínú àpò tó wà. Fáìlì náà yóò kọjá láàárín yín láìjẹ dátà kankan. Ẹ kàn wo irú ẹ̀rọ tó gbà á: image tí Mac tuntun gbà wá, ti arm64 ni, kò sì ní bá laptop Intel yín lọ.

Iná a máa lọ lójijì. Ṣé dátábéèsì ìdánwò mi kò ní bàjẹ́?

Ilé iṣẹ́ iná Egbin, tó lè pèsè 1,320 MW, wà ní Ìjẹ̀dẹ́ nítòsí wa níbí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ṣì ń lo wákàtí púpọ̀ láìní iná. Nítorí náà ìbéèrè gidi ni. PostgreSQL máa ń kọ gbogbo àyípadà sínú WAL (àkọsílẹ̀ àyípadà rẹ̀ lórí disk) kó tó sọ pé òun ti gbà á. Nígbà tó bá tún dìde, yóò ka WAL náà, yóò sì padà sí ibi tí commit tó kẹ́yìn dé. Bí dátà bá wà nínú volume (ibi tí Docker ń tọ́jú dátà sí lẹ́yìn òde kọ̀nténà) tó ní orúkọ, yóò wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìgbẹ́kẹ̀lé yín sínú volume fún ìdánwò. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ tí yóò ṣẹ̀dá tábìlì, tí yóò sì fi ọkọ̀ mẹ́ta àti ìjókòó díẹ̀ sí i, kí ẹ lè tún un ṣe nígbàkigbà. Ẹ rántí pé `docker compose down` kì í pa volume rẹ́; `docker compose down -v` ló ń pa á. Bákan náà, ẹ yọ `restart: always` kúrò. Iṣẹ́ ni bátìrì tó kù wà fún, kò yẹ kí service tí ẹ kò lò máa dá dìde fúnra rẹ̀.

Service mi ń kígbe “connection refused”, dátábéèsì sì ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé?

Ẹ wo bóyá `localhost` lẹ kọ sínú àdírẹ́sì rẹ̀. Nínú kọ̀nténà, `localhost` ni kọ̀nténà náà fúnra rẹ̀, dátábéèsì kò sì sí níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ fún un nínú Compose ni ẹ ó lò: `db:5432`.

Nínú ìlà `ports` ti Compose, bíi `"5433:5432"`, nọ́ńbà ọ̀tún wà fún àwọn kọ̀nténà láàárín ara wọn, ti òsì wà fún laptop yín. Bí kọ̀nténà bá ń wá ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí laptop, `host.docker.internal` ni ẹ ó lò; lórí Linux, ẹ ó kọ́kọ́ fi `extra_hosts` kún un pẹ̀lú `host-gateway`.

Mo ti kọ `depends_on`, síbẹ̀ service mi ń dìde kí dátábéèsì tó múra tán.

`depends_on` lásán ń dúró kí kọ̀nténà bẹ̀rẹ̀ ni, kì í dúró kí PostgreSQL tó wà nínú rẹ̀ lè gbàlejò. Ẹ fi ìyẹ̀wò sí i:

```
db:
  image: postgres:16-alpine
  environment:
    POSTGRES_PASSWORD: idanwo
  healthcheck:
    test: ["CMD-SHELL", "pg_isready -U postgres"]
    interval: 3s
    retries: 10
ijokoo:
  build: ./ijokoo
  depends_on:
    db:
      condition: service_healthy
```

Síbẹ̀, ẹ kọ́ service náà láti tún gbìyànjú bí kò bá rí dátábéèsì. Lórí sáfà gidi, kò sí ẹni tí yóò bá a dúró.

Èwo ni kí n gbé dìde lóòótọ́, èwo ni kí n fi adípò ṣe?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú ewé yìí, nítorí òun ló ń sọ bóyá 8GB yóò tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àyípadà wà. Bí ìjókòó lẹ ń tún ṣe, òun gbọ́dọ̀ jẹ́ gidi, dátábéèsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ gidi. Ìrìnàjò tó ń bi í léèrè lè jẹ́ gidi bí àyè bá wà. Owó, SMS àti ìròyìn, adípò ni: sáfà kékeré kan tó ń dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn.

Kí ló dé tí dátábéèsì kò fi lè jẹ́ adípò? Ẹ wo èrò méjì ní Ìpakòdó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àwọn méjèèjì tẹ bọ́tìnì fún ìjókòó tó kẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Adípò yóò dá àwọn méjèèjì lóhùn pé ó ti ṣeé ṣe, ìdánwò yóò sì yege. SQLite kò ní fi bó ṣe rí hàn yín bákan náà, nítorí odidi dátábéèsì ló máa ń tì nígbà tí ẹnì kan bá ń kọ nǹkan, kì í ti ìlà kọ̀ọ̀kan. PostgreSQL gidi nìkan ni yóò fi hàn yín bóyá `SELECT ... FOR UPDATE` yín, tó ń ti ìlà kan títí ẹ ó fi parí, wà níbi tó yẹ, tàbí èrò méjì yóò dé ẹnu ọkọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìjókòó kan náà. Ẹ kọ ìdánwò tó ń rán ìbéèrè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ka iye tíkẹ́ẹ̀tì tó jáde.

Adípò náà ní iṣẹ́ tí service gidi kò lè bá yín ṣe: ó lè ṣàìsàn nígbà tí ẹ bá fẹ́. WireMock, ohun èlò tí a fi ń ṣe adípò, lè fi ìdáhùn falẹ̀, ó lè dá àṣìṣe 503 padà, ó sì lè já ìsopọ̀ lójijì. Ẹ béèrè pé: bí service owó bá gba 30 ìṣẹ́jú àáyá kó tó dáhùn, ṣé ìjókòó náà ṣì wà ní títì fún oníbàárà yìí, tàbí a ti tà á fún ẹlòmíràn?

Ewu adípò ni pé kì í mọ̀ pé ayé ti yí. Bí àwọn tó ni service owó bá yí iye owó láti náírà sí kọ́bọ̀, adípò yín yóò ṣì máa sọ náírà, gbogbo ìdánwò yóò máa yege, oníbàárà gidi ni yóò sì kọ́kọ́ rí i. Ohun tó ń dènà èyí ni àdéhùn láàárín service, irú èyí tí Pact ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é kọ ohun tí ẹ ń retí sílẹ̀. Àwọn tó ni service náà ń fi àkọsílẹ̀ yẹn yẹ kóòdù wọn wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣe àyípadà. Mo rọ̀ yín gidigidi, ẹ má fi adípò sílẹ̀ láìní àdéhùn.

Báwo ni mo ṣe ń dán ìsanwó wò láìsí owó gidi?

Ilé iṣẹ́ ìsanwó ní kọ́kọ́rọ́ ìdánwò. Ti Paystack máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_test_`, kọ́bọ̀ ni ó sì ń fi iye owó kà: ₦1,500 yóò di 150000. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sínú `.env`, kí ẹ sì rí i pé `.env` wà nínú `.gitignore`. Kọ́kọ́rọ́ gidi kò ní iṣẹ́ kankan lórí laptop ẹnikẹ́ni.

Webhook, ìròyìn tí ilé iṣẹ́ ìsanwó ń fi ránṣẹ́ sí app yín, ni ó ń dà yín láàmú, nítorí ilé iṣẹ́ náà kò lè rí laptop yín láti ìta. Ẹ lè fi ngrok tàbí cloudflared ṣí ọ̀nà, àmọ́ network tó ń já yóò mú yín tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó sàn ni kí ẹ gba webhook kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tọ́jú ara rẹ̀ sínú fáìlì, kí ẹ sì máa fi í ránṣẹ́ sí ara yín. Ẹ fi HMAC SHA512 àti kọ́kọ́rọ́ ìdánwò ṣe ìfọwọ́sí rẹ̀ sínú `x-paystack-signature`, lórí ara ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wá, kí ẹ tó tú JSON rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi webhook kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jáde.

Ṣé mo lè kó dátà àwọn oníbàárà gidi wá fi dánwò?

Rárá. Nọ́ńbà fóònù, NIN àti ìrìnàjò ènìyàn wà lábẹ́ òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023. Laptop tó lè sọnù nínú ọkọ̀ Mile 12 kì í ṣe ibi tó yẹ kí wọ́n wà.

Ẹ ṣẹ̀dá dátà tiyín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣẹ̀dá John Doe. Ẹ fi orúkọ Yorùbá tó ní àmì kún un, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí. Ẹ mú lẹ́tà “ẹ́”: Unicode kò ní àmì kan ṣoṣo fún un, “ẹ” àti àmì ohùn òkè ni a so pọ̀, nítorí náà `varchar` yóò kà á sí méjì. Orúkọ kan náà tí èèyàn méjì tẹ̀ lórí fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọra lójú, kó má sì dọ́gba nínú dátábéèsì. Ẹ lo `normalize()`, tó wà nínú PostgreSQL láti ẹ̀dà 13, kí ẹ tó tọ́jú u. SMS ńkọ́? Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú alífábẹ́ẹ̀tì GSM tó ń gba lẹ́tà 160. Bí ọ̀kan bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ náà yóò di UCS-2, lẹ́tà 70 péré ni yóò gbà, SMS kan lè di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ yóò sì gòkè. Ìdí kọ́ nìyí láti bọ́ àmì kúrò lórí orúkọ ẹni. Ìdí ni láti mọ iye tí ẹ ó san kí ẹ tó gbé app jáde.

Ẹ̀ka kóòdù méjì ni mò ń ṣe. Ṣé àyè méjì lè wà lẹ́ẹ̀kan náà?

Ó lè wà. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ: `docker compose -p ijokoo-a up -d`, kí èkejì jẹ́ `-p ijokoo-b`. Network àti volume wọn yóò yà sọ́tọ̀. Ohun méjì ló máa ń dá a rú. Èkíní ni `container_name`, ẹ yọ ọ́. Èkejì ni port tí ẹ ti fi nọ́ńbà dè. Ẹ kọ `"5432"` nìkan, Docker yóò wá port tó ṣófo, `docker compose -p ijokoo-a port db 5432` yóò sì sọ èyí tó mú.

Ìdánwò yege lórí laptop mi, ó kùnà níbòmíràn. Níbo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ wo `latest`. Image tí ẹ gbà lóṣù tó kọjá àti èyí tí ẹlẹgbẹ́ yín gbà lánàá lè má jẹ́ ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo aago. Kọ̀nténà sábà máa ń lo UTC, Èkó sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì “òní” ní aago 12:30 òru, àná ni UTC ń kà á sí. Ìdánwò tí ẹ ṣe lọ́sàn-án kò ní rí i láéláé, àfi bí ẹ bá dá aago dúró sí wákàtí yẹn nínú kóòdù.

Ẹ̀kẹta ni ìdánwò tó ń gbé lórí ìyókù ìdánwò mìíràn. Ẹ ṣe dátábéèsì ìpìlẹ̀ kan, kí ìdánwò kọ̀ọ̀kan sì gba ẹ̀dà tirẹ̀ pẹ̀lú `CREATE DATABASE idanwo1 TEMPLATE ipile`. Ó yá ju kí ẹ máa gbé kọ̀nténà tuntun dìde ní gbogbo ìgbà, ẹ kàn rí i pé kò sí ẹni tó so mọ́ `ipile` lákòókò náà. Testcontainers náà dára fún àwọn tó fẹ́ kí kóòdù ìdánwò fúnra rẹ̀ gbé dátábéèsì dìde, kó sì pa á.

Kọ̀nténà mi kú pẹ̀lú nọ́ńbà 137. Kí ni ìyẹn?

128 àti 9 ni: ohun kan fi SIGKILL, àmì ìpani nọ́ńbà 9, pa á, RAM ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ fi `docker inspect` wo `OOMKilled`. Bí ó bá sọ `true`, ó kọjá ààlà tí ẹ fún un. Ẹ fi `docker stats` wo ìwọ̀n tó ń lò kí ẹ tó gbé ààlà sókè. Bí disk ló kún, `docker system df` yóò fi ibi tó lọ hàn.

Ṣé mo nílò Kubernetes lórí laptop?

Kubernetes ń bójú tó ọ̀pọ̀ kọ̀nténà lórí ọ̀pọ̀ sáfà. Fún ìdánwò service, rárá. Bí ohun tí ẹ fẹ́ dánwò bá jẹ́ manifest Kubernetes fúnra rẹ̀, irú bíi probe, ingress tàbí Helm chart, ẹ lo kind tàbí k3d, tó ń gbé Kubernetes kékeré dìde, kí ẹ sì pa á lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi gbogbo dátà àti bátìrì wọn gbọ́ bùkátà Kubernetes, tí service ìjókòó wọn kò sì ní ìdánwò kan ṣoṣo.

Service wa ti pọ̀ débi pé laptop kankan kò lè gbé wọn. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Ẹ ní àyè kan tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń lò, níbi tí ẹ̀dà tó dúró dáadáa ti gbogbo service wà. Ẹni tó ń tún ìjókòó ṣe yóò gbé ìjókòó tuntun nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ìbéèrè tó bá gbé header rẹ̀ (àmì tó ń bá ìbéèrè rìn) yóò yà sí tuntun, àwọn yòókù yóò máa lọ sí ti tẹ́lẹ̀. Envoy, Istio àti Gateway API mọ bí a ṣe ń fi header yà ọ̀nà. Ogún ènìyàn lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìsí pé a ṣe ogún ẹ̀dà gbogbo ètò, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ nígbà tí dọ́là ni a fi ń san owó cloud.

Iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé gbogbo service gbọ́dọ̀ gbé header náà kọjá. OpenTelemetry lè fi Baggage ṣe é. Bí service kan bá jù ú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ìbéèrè yóò padà sí ẹ̀dà àtijọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìdánwò yóò sì yege lórí kóòdù tí ẹ kò kọ. Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn máa sọ ẹ̀dà tó dá a lóhùn, kí ìdánwò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Dátábéèsì àti queue ló le jù. Bí àyípadà yín bá kan tábìlì, ẹ fún ìjókòó tuntun ní dátábéèsì tirẹ̀. Ẹ má fi migration (àyípadà sí bí tábìlì ṣe rí) tí kò tíì dúró kan ti gbogbo ẹgbẹ́. Fún Kafka, ẹ fi àmì sínú header ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà tuntun ní consumer group tirẹ̀, kí ó mú tirẹ̀ nìkan, kí ẹ̀dà àtijọ́ sì fi í sílẹ̀.

Telepresence àti mirrord lè so laptop yín mọ́ àyè náà ní tààrà. Lórí network tó dúró, wọ́n dùn ún lò. Lórí network tí a ní ní ọ̀pọ̀ àdúgbò níbí, mo fara mọ́ kí ẹ kọ́ image, kí ẹ fi í ránṣẹ́, kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Kóòdù tí mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́ ni mo fẹ́ dánwò. Ṣé kọ̀nténà tó láti dáàbò bò mí?

Kò tó. Kernel kan náà lẹ jọ ń lò, àlébù kan nínú rẹ̀ sì lè jẹ́ kí kóòdù náà jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun tó rọrùn: aṣàmúlò tí kì í ṣe root (ọ̀gá tó ní gbogbo àṣẹ), `--cap-drop ALL`, `--network none`, `--read-only`, `--pids-limit`. Ẹ má sì gbé `/var/run/docker.sock` wọ inú kọ̀nténà bẹ́ẹ̀ láé, nítorí ẹni tó bá ní in ti di root lórí laptop yín.

Fún ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba kóòdù ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo gVisor, tó ń dúró láàárín kóòdù àti kernel, tàbí Firecracker tí Amazon gbé jáde ní 2018, tó ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní virtual machine kékeré tó ń dìde láàárín bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan. Firecracker nílò `/dev/kvm`, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wà lórí sáfà tí ẹ ń háyà kí ẹ tó sanwó rẹ̀.